Iṣẹ́ ò wá, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́: òfin àyíká, owó iná àti epo, àti iye òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ

Àkótán

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí òfin àyíká àti owó iná àti epo ń ṣe sí iye ènìyàn tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ń gbà síṣẹ́. A mú ẹ̀rí wá láti Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà, níbi tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ti ka òṣìṣẹ́ ṣáájú òfin àti lẹ́yìn òfin. A fi hàn pé ìbéèrè náà, "ṣé òfin àyíká ń pa iṣẹ́?", kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo, nítorí pé ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà "iṣẹ́" ń tọ́ka sí nínú rẹ̀. Gbólóhùn tí à ń sọ lójoojúmọ́ ní èdè Yorùbá ti ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwa tí à ń túmọ̀ ìròyìn láti èdè Faransé ni a tún ń pò wọ́n pọ̀.

1. Gbólóhùn kan, ìtumọ̀ púpọ̀

Ẹ jẹ́ ká wo gbólóhùn kan tí ẹnikẹ́ni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò lè sọ: "Òfin àyíká tuntun yóò mú kí ẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ṣòfò." Ó rọrùn láti mọ Faransé tó wà lẹ́yìn rẹ̀: mille emplois perdus. Ṣùgbọ́n bí a bá ka Yorùbá rẹ̀ sí etí àgbàlagbà kan ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ, ó lè bi wá ní ìbéèrè tí Faransé náà kò dáhùn. Ta ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Àbí iṣẹ́ ni kò wá mọ́? Àbí ibòmíràn ni iṣẹ́ náà ṣí lọ?

Ẹni tó bá rò pé àgbàlagbà yìí kàn ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ni kò gbọ́ ọ yé. Ìbéèrè rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn sí, tí wọ́n sì fi ìwé owó-oṣù àti ìwé ìkànìyàn wá a. Ẹni tó ń ṣe òfin ń fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú yóò jèrè tàbí yóò pàdánù. Ẹni tó ń gba owó-oṣù ní ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì ń fẹ́ mọ̀ bóyá òun ló kàn. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan náà dá àwọn méjèèjì lóhùn, ọ̀kan nínú wọn ni a ó tàn jẹ.

Gbólóhùn mẹ́rin ni a ó fi ṣe òpó iṣẹ́ yìí:

(1) Iṣẹ́ ò wá.
(2) Iṣẹ́ pọ̀ sí i.
(3) Ààyè iṣẹ́ ò sí níbí mọ́.
(4) Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí oníbàárà gbé wá pé kí a ṣe ni "iṣẹ́" nínú (1). Aránṣọ àti alágbẹ̀dẹ ló ń sọ ọ́ jù. Nínú (2), iṣẹ́ ni làálàá tó wà nílẹ̀ láti ṣe kí ọjà kan tó jáde. Nínú (3), ipò tí ẹnì kan lè wọ̀ kí ó sì máa gba owó ni, yálà ẹnì kan wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Nínú (4), ènìyàn gbọ́dọ̀ wà. Ẹ dán an wò: bí a bá sọ pé "ẹgbẹ̀rún iṣẹ́ bọ́" tí a sì dákẹ́, gbólóhùn náà kò tíì parí. Ẹni tó ń gbọ́ yóò béèrè pé "lọ́wọ́ ta ni?" Gírámà fúnra rẹ̀ ló ń béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a yàn

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a ní láti là kọjá kí a tó tẹ̀síwájú.

Èkíní ni énergie. Ìwé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì máa ń pè é ní "agbára". Ṣùgbọ́n agbára ni okun ara, òun náà ni àṣẹ ìjọba. "Owó-orí lórí agbára" yóò dún létí bí ìgbà tí a bá ń gba owó lọ́wọ́ alágbára. Nítorí náà, "iná àti epo" ni a ó máa lò. Iná dúró fún iná mànàmáná àti iná tí à ń dá nínú ààrò. Epo dúró fún bẹntiróòlù, díísù àti èyí tó jọ wọ́n. A ka gáàsì àti èédú mọ́ ọn.

Èkejì ni politique environnementale. "Òfin àyíká" ni a yàn, ṣùgbọ́n kí ó yé wa pé oríṣi mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ìjọba lè pàṣẹ pé èéfín kò gbọ́dọ̀ kọjá iye báyìí. Ó lè gba owó-orí lórí ohun tó ń ba àyíká jẹ́. Ó sì lè pín ìwé-àṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́, kí ẹni tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ tà á fún ẹni tí tirẹ̀ kò tó. Ohun tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń ṣe nìyẹn láti ọdún 2005. Ní ti "owó-orí", orí ènìyàn ni wọ́n ń kà gbà á látijọ́, orúkọ rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, iná tí a jó ni wọ́n ń kà.

Ẹ̀kẹta ni usine. "Ilé-iṣẹ́" nìkan kò tó, nítorí pé báǹkì àti ọ́fíìsì ìjọba náà ń jẹ́ ilé-iṣẹ́. "Ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ" ni ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ sọ ohun àmúlò di ọjà.

3. Ibi tí iná pọ̀, ènìyàn kì í pọ̀

Kí a tó mọ ohun tí òfin ń ṣe sí òṣìṣẹ́, ó yẹ ká mọ ibi tí iná àti epo wọ inú ọjà. Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó wà nítòsí ṣe àpẹẹrẹ.

Ní Onigbolo, ní agbègbè Pobè, ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì kan wà tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀. Ohun tó gbé e lọ síbẹ̀ ni òkúta ẹfun tí Faransé ń pè ní calcaire. Ọ̀nà kan náà ni a ń gbà ṣe símẹ́ǹtì níbi gbogbo láyé: wọn a lọ òkúta yìí, wọn a pò ó mọ́ amọ̀, wọn a sì yan án nínú ààrò gígùn kan tó ń yí, títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 1450 lórí ìwọ̀n Celsius. Ohun tó jáde ni clinker, tí wọ́n tún máa lọ̀ kí ó tó di símẹ́ǹtì. Ọ̀nà méjì ni afẹ́fẹ́ CO2 ń gbà jáde níbẹ̀. Ọ̀kan ń ti ara epo tó ń jó jáde. Èkejì ń ti inú òkúta náà fúnra rẹ̀ jáde bí ooru ti ń tú u, èyí sì lé ní ìdajì. Bí a tilẹ̀ rí iná tí kò ní èéfín rárá, ti inú òkúta ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Àjàṣẹ́. Kí ni iná ń ṣe níbẹ̀? Ó ń gbé áyọ́ọ̀nù, ó ń tan gílóòbù, bóyá ó ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe ìyókù. Bí owó iná bá di ìlọ́po méjì, inú aránṣọ kò ní dùn, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì ni yóò ké jù.

Àárín àwọn méjèèjì ni a ti rí irú ilé-iṣẹ́ ṣúgà, bí èyí tó wà ní Ṣábẹ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún omi ìrèké tán, pàǹtí rẹ̀ ṣì lè jó. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè fi pàǹtí yìí se omi di oruku, kí oruku náà sì máa yí ẹ̀rọ. Ẹni tó ń jó pàǹtí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí lábẹ́ ẹni tó ń ta epo.

Ohun tí àpẹẹrẹ mẹ́ta yìí kọ́ wa ni pé òfin tó bá gbé owó iná àti epo sókè ń wọlé tọ àwọn tó ní ẹ̀rọ púpọ̀ àti òṣìṣẹ́ díẹ̀ lọ ná. Nígbà tí Eli Berman àti Linda Bui yẹ agbègbè Los Angeles wò, níbi tí òfin èéfín ti le ju ti ibi púpọ̀ lọ ní Amẹ́ríkà, wọn kò rí i pé iye òṣìṣẹ́ dín lọ́nà tó ṣe gbòógì. Ara ìdí rẹ̀ nìyí: ilé-iṣẹ́ ìfọ̀-epo àti àwọn tó jọ ọ́ ni òfin náà dì mú jù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí kì í gba ènìyàn púpọ̀ síṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

4. Ọ̀nà mẹ́ta tí òfin ń gbà kan òṣìṣẹ́

Ní ọdún 2002, Richard Morgenstern, William Pizer àti Jhih-Shyang Shih gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ẹ̀ka mẹ́rin ní Amẹ́ríkà: ilé-iṣẹ́ ìwé, ti ike, ti ìfọ̀-epo àti ti irin. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ní òfin àyíká ń gbà kan iye òṣìṣẹ́, wọ́n sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà kìíní: òfin mú kí ọjà wọ́n láti ṣe. Ẹni tó ń ṣe é fi owó lé e. Oníbàárà rà díẹ̀, tàbí ó lọ ra ti ẹlòmíràn. Ọjà tí a ń ṣe dín, ọwọ́ tí a nílò náà dín. Gbólóhùn (1) nìyẹn: iṣẹ́ ò wá.

Ọ̀nà kejì: kí ọjà tí iye rẹ̀ kò yí padà tó jáde, làálàá ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa fọ asẹ́ tó ń gba èéfín, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wọn ohun tó ń jáde, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn aṣojú ìjọba. Gbólóhùn (2) nìyẹn: iṣẹ́ pọ̀ sí i.

Ọ̀nà kẹta: ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń gbà ṣe ọjà lè fẹ́ ọwọ́ ènìyàn ju ẹ̀rọ lọ, ó sì lè fẹ́ ẹ̀rọ ju ọwọ́ ènìyàn lọ. Kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí yóò tẹ̀ sí kó tó wò ó.

Ọ̀nà kìíní ń fà wálẹ̀, ìkejì ń fà sókè, ìkẹta lè lọ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n ro ó pọ̀, ohun tí wọ́n rí ni pé fún mílíọ̀nù kan dọ́là tí ilé-iṣẹ́ bá ná lórí àyíká, ààyè iṣẹ́ kan àbọ̀ ló ń fi kún un. Iye yìí kéré débi pé a kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára òdo. Nínú ilé-iṣẹ́ ike àti ti ìfọ̀-epo, ó hàn pé iṣẹ́ pọ̀ díẹ̀; nínú ti ìwé àti ti irin, kò sí ìyàtọ̀ tí a lè tọ́ka sí.

Kí a má ṣe ka èyí sí ayọ̀ ọ̀fẹ́. Bí ọjà kan náà bá ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀ sí i, ẹnì kan ló ń san owó ọwọ́ náà. Afẹ́fẹ́ tó mọ́ ni a gbà padà fún un. Ẹni tó bá fẹ́ gbe òfin àyíká lẹ́yìn kò gbọdọ̀ sọ pé òfin náà ń "dá iṣẹ́ sílẹ̀" bí ẹni pé iṣẹ́ ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

5. Iṣẹ́ tó ṣòfò àti iṣẹ́ tó ṣí lọ

Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ tí Amẹ́ríkà tún ṣe ní 1970 àti ní 1977 fún àwọn olùwádìí ní àǹfààní tí kò wọ́pọ̀. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún oríṣiríṣi ìdọ̀tí afẹ́fẹ́. Káńtì tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá burú ju òṣùwọ̀n lọ, òfin líle ló ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń da ìdọ̀tí síta níbẹ̀. Káńtì tí tirẹ̀ bá dára, òfin rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó wá ṣeé ṣe láti fi ilé-iṣẹ́ kan wé èkejì tó jọ ọ́, tí òfin ọ̀tọ̀ ń darí.

Michael Greenstone ṣe ìfiwéra yìí, ó sì gbé e jáde ní 2002. Ó rí i pé láàárín 1972 àti 1987, àwọn káńtì tí òfin le fún pàdánù nǹkan bí 590,000 ààyè iṣẹ́ nínú àwọn ẹ̀ka tó ń da ìdọ̀tí síta, bí a bá fi wọ́n wé àwọn káńtì yòókù. Iye yìí tóbi. Òun ni àwọn tó kórìíra òfin àyíká máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà.

Ṣùgbọ́n ẹ tún ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ dúró níbi "bí a bá fi wọ́n wé". Ká ní ìlú méjì wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 100 òṣìṣẹ́. Òfin le ní ìlú kìíní, ilé-iṣẹ́ kan sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú kejì pẹ̀lú ààyè iṣẹ́ 10. Ìlú kìíní di 90, ìlú kejì di 110. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 20. Bí a bá sọ pé "20 iṣẹ́ ṣòfò", irọ́ ni a pa, nítorí pé 200 ni àròpọ̀ wọn ṣáájú, 200 náà sì ni lẹ́yìn. Iṣẹ́ tó ṣí lọ ni a ka sí iṣẹ́ tó ṣòfò, ẹ̀ẹ̀mejì ni a sì kà á. Greenstone fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé iye tí òun rí lè ní irú iṣẹ́ tó kàn ṣí lọ nínú.

Gbólóhùn (3) ló bá ẹ̀rí yìí mu: ààyè iṣẹ́ ò sí níbí mọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré náà, "níbí", ló gbé gbogbo ìtumọ̀ ró. Bí olùtúmọ̀ bá yọ ọ́ sọnù, ó ti sọ ohun tí ìwádìí náà kò sọ.

6. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀

Bí iṣẹ́ bá kàn ṣí láti ìlú kan lọ sí òmíràn, ṣé a lè sọ pé kò sẹ́ni tó pàdánù? Ibí ni ìbéèrè àgbàlagbà Kétu ti wúlò jù. Ààyè iṣẹ́ lè ṣí lọ lóru ọjọ́ kan. Ènìyàn ní ilé, ó ní ìyàwó tàbí ọkọ, ó ní ọmọ ní iléèwé, ó sì ní ọgbọ́n ọwọ́ tí ó fi ọdún mẹ́wàá kọ́ nídìí ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Reed Walker, nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 2013, kò ka ààyè. Ó tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn lọ láti ọdún dé ọdún, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà tún òfin afẹ́fẹ́ náà ṣe ní 1990, yálà wọ́n dúró nídìí iṣẹ́ wọn tàbí wọ́n kúrò. Ó rí i pé, ní ìpíndọ́gba, òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka tí òfin náà kàn pàdánù àròpọ̀ owó tó tó ìdá 20 nínú 100 owó tó ń gbà ṣáájú òfin. Ìpíndọ́gba yìí kò sì pín dọ́gba rárá. Àwọn tó dúró sí ilé-iṣẹ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù. Àwọn tó kúrò ló gbé ẹrù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: àkókò tí wọn kò rí iṣẹ́, àti owó tó kéré níbi tí wọ́n wá rí i.

Walker tún fi hàn pé àǹfààní tí afẹ́fẹ́ mímọ́ mú wá fún ìlera ju àdánù yìí lọ fíìfíì. Ohun méjèèjì jẹ́ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlú jèrè, ẹnì kan pàdánù. Èrè ìlú tàn ká orí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ̀ pé wọ́n jèrè. Àdánù kó jọ sórí ìwọ̀nba ènìyàn tí wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Nítorí èyí ni ẹkún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe máa ń dún ju ọpẹ́ ẹni tí ikọ́ rẹ̀ san. Ojú ibi méjèèjì yìí ni ìjọba tó bá ṣòfin gbọ́dọ̀ máa wò, kí ó sì wá ohun tí yóò fi gba ẹni tó ń kúrò lọ́wọ́ ìṣubú.

7. Bí owó-orí kan bá wọlé tí òmíràn jáde

Títí dé ibí, àṣẹ ni a ti ń sọ. Owó-orí ní ìwà ọ̀tọ̀, nítorí pé owó tó ti inú rẹ̀ jáde ṣeé ná.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó-orí tí wọ́n pè ní Climate Change Levy lórí iná mànàmáná, gáàsì àti èédú tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò. Ní àkókò kan náà, wọ́n dín owó ìdójútòfò tí ọ̀gá iṣẹ́ ń san lórí owó-oṣù kù ní ìdá 0.3 nínú 100. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀: iná wọ́n díẹ̀, ènìyàn sì rọjú díẹ̀ láti gbà síṣẹ́. Àwọn ẹ̀ka tó ń jó iná púpọ̀ lè bá ìjọba tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò dín ìlò wọn kù. Nígbà náà, ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á yọ ìdá 80 nínú 100 owó-orí náà fún un.

Ralf Martin, Laure de Preux àti Ulrich Wagner fi àwọn ilé-iṣẹ́ tó san owó-orí náà ní kíkún wé àwọn tí wọ́n yọ fún. Ní 2014, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde: àwọn tó san ní kíkún dín iná tí wọ́n ń lò kù gan-an. Ní ti iye òṣìṣẹ́, iye ọjà tí wọ́n tà, tàbí iye ilé-iṣẹ́ tó ti ilẹ̀kùn, wọn kò rí àmì pé owó-orí náà ṣe wọ́n ní ibi kankan.

Ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà gba ọ̀nà tó jọ èyí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2008, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba dọ́là Kánádà 10 lórí tọ́ọ̀nù kan CO2, wọ́n sì ń fi 5 lé e lọ́dọọdún títí tó fi di 30 ní 2012. Wọ́n dá owó náà padà fún àwọn ará ìlú nípa dídín owó-orí mìíràn kù. Akio Yamazaki ṣírò rẹ̀ ní 2017, ó sì rí i pé iye òṣìṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà lápapọ̀ fi nǹkan bí ìdá 0.74 nínú 100 pọ̀ sí i lọ́dọọdún láàárín 2007 àti 2013 nítorí owó-orí yìí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ẹ̀ka tó ń jó epo púpọ̀, tí wọ́n sì ń bá ọjà òkèèrè díje, iye òṣìṣẹ́ dín. Nínú àwọn ẹ̀ka bí ìtọ́jú ìlera, ó pọ̀ sí i.

Àròpọ̀ náà dára. Síbẹ̀, ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kẹ́míkà kì í di nọ́ọ̀sì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Gbólóhùn (3) lè dún dáadáa fún ìpínlẹ̀ kan nígbà tí gbólóhùn (4) ń dun ẹnì kan nínú ìpínlẹ̀ náà.

8. Lọ́dọ̀ wa

Ẹ̀rí tí a ti kó jọ wá láti ilẹ̀ tí ìjọba ti ní ìwé owó-oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun mẹ́ta ló yẹ ká fi sọ́kàn kí a tó gbé e wá sí Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò.

Lákọ̀ọ́kọ́, kì í ṣe òfin tiwa nìkan ló ń pinnu owó iná àti epo wa. Láti 1968 ni Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ti jọ ní ilé-iṣẹ́ iná kan, CEB, ó sì pẹ́ tí púpọ̀ nínú iná wa ti ń wá láti Gánà àti Nàìjíríà, yàtọ̀ sí èyí tí ìdídò Nangbéto lórí odò Mono àti àwọn ẹ̀rọ bí ti Maria-Gléta ń pèsè. Epo kpayo náà ńkọ́? Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin, láàárín ọjọ́ mélòó kan ni owó kpayo ti fò sókè lẹ́bàá ọ̀nà wa. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọ̀gbàdo, ẹni tó ń jó irin pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ní Abuja. Ìlànà ìlú kan ti di owó iṣẹ́ ìlú mìíràn.

Lẹ́ẹ̀kejì, òfin tiwa máa ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀. Òfin 2017-39 ti ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2017 fòfin de ṣíṣe, kíkó wọlé, títà àti lílo àpò ọ̀rá tí kì í jẹrà ní Bẹ̀nẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà sọ fún ilé-iṣẹ́ pé kí ó dín èéfín kù. Òfin yìí sọ pé kí ọjà náà fúnra rẹ̀ má sí mọ́. Kò sí ọ̀nà kejì níbẹ̀, kò sí asẹ́ tí ẹnì kan yóò máa fọ̀. "Iṣẹ́ ò wá" di àṣẹ. Àǹfààní tó lè jáde wà níbòmíràn: lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe àpò ìwé, ẹni tó ń rán àpò aṣọ, ẹni tó ń ta ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ ọ̀rá àti ìyá tó ń ta ewé lọ́jà Kétu kì í ṣe ẹnì kan náà. Ẹni tó bá ka ààyè iṣẹ́ nìkan lè ní ó dọ́gba; ẹni tó bá ka ènìyàn kò ní gbà.

Lẹ́ẹ̀kẹta, tí ó sì ṣe pàtàkì jù fún àwa onímọ̀ èdè: ta ni à ń pè ní òṣìṣẹ́? Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù wa, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló pọ̀ jù. Wọn kì í gba owó-oṣù, orúkọ wọn kì í sì í sí nínú ìwé kankan. Bí iná bá wọ́n tí iṣẹ́ kò wá, ọ̀gá kì í lé ọmọṣẹ́ lọ. Ọmọṣẹ́ á wá láàárọ̀, á gbá ilẹ̀, á jókòó, á lọ sílé. Ọdún tó yẹ kó fi kọ́ṣẹ́ ń lọ, kò sì rí iṣẹ́ tó máa fi kọ́ ọ. Kò sí ààyè iṣẹ́ tó dín, kò sí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ àdánù wà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n Greenstone kò lè rí i, ti Walker náà kò lè rí i. Gbólóhùn (1) nìkan ló rí i. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìwádìí yìí lọ́dọ̀ wa ní láti ka wákàtí àti ọjọ́ tí ọwọ́ fi dilẹ̀, kì í ṣe orí nìkan.

9. Ìparí

Ohun tí ẹ̀rí fi hàn kò ta kora bí ó ti ń dún nínú ìròyìn. Òfin àyíká àti owó iná tó gòkè kì í sábà dín àròpọ̀ ààyè iṣẹ́ ní ilẹ̀ kan kù púpọ̀. Wọ́n máa ń ṣí i kúrò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka àti láti ìlú dé ìlú. Bí owó tó wọlé bá padà sọ́wọ́ àwọn ará ìlú, àròpọ̀ náà tilẹ̀ lè gòkè díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbi tí iṣẹ́ ti ṣí kúrò máa ń pàdánù owó gidi fún ọdún púpọ̀, àfi bí a bá dìídì ràn wọ́n lọ́wọ́.

Fún ẹni tó ń túmọ̀, àbá wa kò pọ̀. Bí emplois nínú Faransé bá jẹ́ iye ipò, kí a sọ "ààyè iṣẹ́", kí a sì sọ ibi tí ó wà. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn tí a dá dúró, kí a sọ pé "iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn", kí a sì sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọjà kò tà, "iṣẹ́ ò wá" ti tó. Bí ó bá jẹ́ làálàá tó pọ̀ sí i láti ṣe ọjà kan náà, "iṣẹ́ pọ̀ sí i" ni, kí a má sì pè é ní èrè kí a tó mọ ẹni tó san owó rẹ̀. Bí ìròyìn tí a gbà kò bá sọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a padà lọ bi ẹni tó kọ ọ́. Àgbàlagbà tó ń gbọ́ rédíò ní Kétu yóò béèrè, ó sì yẹ kí a ní èsì lẹ́nu.